Kíndìnrín Lójú Ọ̀nà Jíjìn: Ìbéèrè àti Ìdáhùn fún Àwọn Ará Èkìtì

Àwọn tó ń ṣàìsàn kíndìnrín àti ẹbí wọn ní Adó, Ìkẹ́rẹ́, Ìdó, Ìjerò àti Ìkọ̀lé ló máa ń béèrè àwọn ọ̀rọ̀ yìí jù lọ. Ìbẹ̀rù wà nínú òmíràn, ìrètí wà nínú òmíràn. A dáhùn wọn bí iṣẹ́ náà ṣe rí gan-an, kí ẹ lè mọ ohun tó ṣeé ṣe, kí ẹ sì mọ ohun tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi tàn yín jẹ.

Ṣé lóòótọ́ ni kíndìnrín lè kúrò lára ẹnì kan, kó rìn jìnnà, kó sì tún ṣiṣẹ́ lára ẹlòmíràn?

Bẹ́ẹ̀ ni. Ní Boston, ní 1954, ni Dókítà Joseph Murray àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ìpààrọ̀ kíndìnrín àkọ́kọ́ tó yọrí sí rere. Ìbejì ni olùfúnni àti olùgbà, ilé ìwòsàn kan náà ni wọ́n sì wà, nítorí náà kíndìnrín yẹn kò rin ìrìn àjò kankan. Omi ìtọ́jú tí wọ́n ṣe lẹ́yìn náà, èyí tí wọ́n ń fi sínú kíndìnrín kó má baà tètè bàjẹ́, ló sọ kíndìnrín di arìnrìn-àjò: omi Collins ní 1969, lẹ́yìn náà omi Yunifásítì Wisconsin tí Folkert Belzer àti James Southard ṣe ní àwọn ọdún 1980, èyí tí àwọn oníṣẹ́ abẹ ń pè ní UW. Lónìí, ojoojúmọ́ ni kíndìnrín ń wọ mọ́tò tó ń wọ bàálù ní Amẹ́ríkà àti Yúróòpù. Ní oṣù April 2019, dróònù gbé ọ̀kan ní ìlú Baltimore fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 10, wọ́n sì fi sára obìnrin kan tó ti fi ọdún 8 fọ ẹ̀jẹ̀ lórí ẹ̀rọ.

Wákàtí mélòó ló lè lò lójú ọ̀nà kó tó bàjẹ́?

Aago méjì ló ń ṣiṣẹ́ lórí kíndìnrín, ẹ má sì pa wọ́n pọ̀.

Àkọ́kọ́ ni aago ooru. Bí ẹ̀jẹ̀ bá ti dá lára kíndìnrín tó ṣì gbóná bí ara ènìyàn, ìṣẹ́jú là ń kà, a kì í ka wákàtí. Bí wọ́n bá ń mú un lára ẹni tó wà láàyè, àwọn oníṣẹ́ abẹ máa ń sapá kí àkókò yìí má ju ìṣẹ́jú 2 sí 5 lọ.

Èkejì ni aago òtútù. Ó bẹ̀rẹ̀ láti ìgbà tí omi tútù bá ti wọ inú kíndìnrín títí di ìgbà tí ẹ̀jẹ̀ olùgbà bá tún sàn wọ inú rẹ̀. Wákàtí 24 ni ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn ń fẹ́ kó má kọjá. Àwọn kan máa ń gbà á títí dé wákàtí 36 bí kíndìnrín náà bá dára láti ìbẹ̀rẹ̀. Kíndìnrín ní ìfaradà ju àwọn yòókù lọ: ọkàn kì í ju wákàtí 4 sí 6, ẹ̀dọ̀fóró 6 sí 8, ẹ̀dọ̀ 8 sí 12.

Ṣùgbọ́n wákàtí 24 kì í ṣe àyè láti jókòó fọwọ́ lẹ́rán. Kíndìnrín tó dé ní wákàtí 8 àti èyí tó dé ní wákàtí 23 kì í jí bákan náà. Bí ó bá ti pẹ́ nínú òtútù tó, bẹ́ẹ̀ ló ṣe máa ń tòògbé lẹ́yìn tí wọ́n bá gbé e sára olùgbà: kò ní tọ̀ dáadáa, ẹni tó gbà á á sì tún padà sórí ẹ̀rọ ìfọ̀jẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan tàbí ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn máa ń jí, àmọ́ owó tí ẹbí ń san lójoojúmọ́ lásìkò ìtòògbé náà kì í dúró.

Kí ni òtútù ń ṣe fún un gan-an?

Òtútù kì í wo kíndìnrín sàn. Ó kàn ń dín ebi rẹ̀ kù ni. Bí ìwọ̀n ooru bá fi 10°C wálẹ̀, iṣẹ́ inú sẹ́ẹ̀lì á dín kù sí nǹkan bí ìlàjì. Tó bá dé nǹkan bí 4°C, ohun tí kíndìnrín ń lò kò ju bí ìdá kan nínú mẹ́wàá ohun tó ń lò nínú ara lọ. Ìdí nìyẹn tó fi lè pẹ́ díẹ̀ láìsí ẹ̀jẹ̀ àti láìsí atẹ́gùn.

Ìṣòro kan wà níbẹ̀. Pọ́ǹpù kéékèèké tó wà lára sẹ́ẹ̀lì, èyí tó ń ti iyọ̀ síta, máa ń dákẹ́ nínú òtútù. Iyọ̀ á wọlé, omi á tẹ̀ lé e, sẹ́ẹ̀lì á wú bí ẹ̀wà tí a rẹ sómi. Iṣẹ́ omi UW ni láti dènà wíwú yìí. Àwọn èròjà ńláńlá tí kò lè wọ inú sẹ́ẹ̀lì wà nínú rẹ̀ tó ń fa omi padà síta. Pòtásíọ̀mù inú rẹ̀ pọ̀ tó ti inú sẹ́ẹ̀lì fúnra rẹ̀, ìyẹn ju ìlọ́po 20 èyí tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ lọ. Nítorí náà, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gbé omi yìí kọ́ bíi dírípù fún aláìsàn láé, torí ó lè dá ọkàn dúró. Ibi ọ̀tọ̀ là ń tọ́jú rẹ̀ sí, lébẹ̀ẹ̀lì rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ hàn ketekete.

Báwo ni wọ́n ṣe ń dì í?

Kíndìnrín àgbàlagbà gùn tó sẹ̀ǹtímítà 10 sí 12, ìwọ̀n rẹ̀ kò sì jìnnà sí gíráàmù 150. Ohun kékeré ni, ṣùgbọ́n dídì rẹ̀ gba sùúrù.

Kí wọ́n tó dí òpó ẹ̀jẹ̀ lára olùfúnni, wọ́n máa ń fún un ní hẹ́párìn kí ẹ̀jẹ̀ má baà dì nínú kíndìnrín. Bí wọ́n bá ti gé e, orí tábìlì tí abọ́ yìnyín wà ló ń lọ tààrà. Wọ́n á ki ọ̀pá tín-ínrín sínú òpó tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ wọ̀ ọ́, wọ́n á gbé omi ìtọ́jú tútù kọ́ sókè ní nǹkan bíi mítà kan, wọ́n á sì jẹ́ kí ó sàn fúnra rẹ̀. Fún kíndìnrín kan láti ara alààyè, mílílítà 200 sí 500 sábà máa ń tó. Àmì tí a ń wò ni pé kí kíndìnrín funfun káàkiri láìku ibì kan, kí omi tó ń jáde sì mọ́ láìsí àwọ̀ ẹ̀jẹ̀. Bí ibì kan bá ṣì dúdú, omi kò dé ibẹ̀ nìyẹn. Ó lè jẹ́ pé òpó kejì wà tí ẹnikẹ́ni kò rí.

Ọ̀rá mẹ́ta ló kàn, gbogbo wọn ni kò gbọdọ̀ ní kòkòrò àrùn kankan. Kíndìnrín àti omi ìtọ́jú wà nínú ti àkọ́kọ́, kí omi bò ó mọ́lẹ̀ pátápátá. Omi iyọ̀ tútù àti yìnyín omi iyọ̀ tí a fọ́ wẹ́wẹ́ wà nínú ti èkejì, òun ni tìmùtìmù. Ẹ̀kẹta ló bò wọ́n. A ó fún atẹ́gùn jáde nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan kí a tó so ó. Lẹ́yìn èyí, inú ike líle kan, kí nǹkan má baà tẹ̀ ẹ́. Lẹ́yìn ike, inú àpótí tó ń dènà ooru, kí yìnyín yí i ká nísàlẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àti lókè.

Ohun tí kò gbọdọ̀ ṣẹlẹ̀ rárá ni kí yìnyín àti ẹran kíndìnrín fara kan ara wọn. Ibi tí yìnyín bá fara kàn máa ń kú bí ìgbà tí iná jó o.

Ṣé a lè lo yìnyín tí wọ́n ń tà lọ́jà, irú èyí tí àwọn ẹlẹ́ja ń lò?

Ìbéèrè yìí dára gan-an, nítorí òye tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ló ń gba kíndìnrín là. Fún ìta àpótí, mímọ́ nìkan kọ́ ni a ń wò. Bí yìnyín náà ṣe tutù tó ṣe pàtàkì jù. Yìnyín tó ń yọ́ wà ní 0°C gẹ́lẹ́, kò sì ní tutù jù bẹ́ẹ̀ lọ. Èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú fírísà lè wà ní 18°C sísàlẹ̀ òdo, ó sì lè mú kí omi inú ọ̀rá dì pẹ̀lú kíndìnrín nínú rẹ̀. Ẹ fọwọ́ kàn án wò. Bí ó bá lẹ̀ mọ́ ọwọ́, ó ti tutù jù. Ẹ wọ́n omi lé e lórí, kí ẹ dúró. Bí ó bá ń yọ̀ tí omi sì ń kán lára rẹ̀, òun ni a fẹ́. Kí a fọ́ ọ wẹ́wẹ́ pẹ̀lú, torí áìsì bùlọ́ọ̀kù ńlá kì í yí ike ká, àlàfo á ṣẹ́ kù, àlàfo yẹn ni ooru máa ń gbà wọlé. Yìnyín gbígbẹ, èyí tó ń rú èéfín funfun tí wọ́n fi ń gbé áìsìkiriìmù, kò gbọdọ̀ sún mọ́ ọn rárá: ó tutù dé nǹkan bí 78°C sísàlẹ̀ òdo.

Kìlò yìnyín mélòó ló máa tó?

Ìṣirò rẹ̀ kò le. Kìlò yìnyín kan máa ń gba kilojúùlù 334 kí ó tó yọ́ tán. Ká ní ooru ń wọ inú àpótí dáadáa kan ní wọ́ọ̀tì 10, ní wákàtí 24 ó máa yọ́ kìlò 2.6. Ká ní kúlà olówó pọ́ọ́kú ni, tí ìdérí rẹ̀ kò dé dáadáa, tí ooru sì ń wọ̀ ọ́ ní wọ́ọ̀tì 30, kìlò 7.8 ló máa lọ. Ní oṣù February àti March, tí ooru Èkìtì bá dójú ẹ̀, ẹ ṣe ìlọ́po méjì. Ìdájì ohun tí ẹ kó yẹ kó ṣì wà níbẹ̀ nígbà tí àpótí bá dé. Ẹni tó bá ń ṣí ìdérí wò ní gbogbo wákàtí ń lé òtútù jáde ni. Ẹ̀rọ kékeré tó ń ka ìwọ̀n òtútù láti ìta sàn ju ojú lọ.

Ṣé wọn ò kúkú lè dì í gbagidi nínú fírísà, kó lè pẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ?

Rárá. Omi inú sẹ́ẹ̀lì á di yìnyín ẹlẹ́nu mímú, á sì fa gbogbo rẹ̀ ya. Ní 2023, àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Minnesota tọ́jú kíndìnrín eku nínú òtútù líle láìjẹ́ kí yìnyín hù nínú rẹ̀, fún ìgbà tó gùn dé ọjọ́ 100, wọ́n sì tún gbé e sára eku tó ṣiṣẹ́. Eku nìyẹn. Ti ènìyàn kò tíì débẹ̀.

Ẹ̀rọ tó ń pọ́ǹpù omi sínú kíndìnrín ńkọ́?

Ẹ̀rọ náà máa ń ti omi tútù gba inú òpó ẹ̀jẹ̀ kíndìnrín kọjá léraléra, ní ìtì tó rọra, nǹkan bíi 25 sí 30 mmHg (ìwọ̀n tí a fi ń ka ìfúnpá ẹ̀jẹ̀), ìyẹn kò tó ìdajì ìtì tí ẹ̀jẹ̀ yín fi ń sàn. Ìwádìí kan láti Yúróòpù tó jáde ní 2009 mú kíndìnrín méjì-méjì láti ara olùfúnni 336 tó ti kú: wọ́n fi ọ̀kan sórí ẹ̀rọ, wọ́n fi èkejì sínú yìnyín lásán. Ìtòògbé ṣẹlẹ̀ sí 20.8 nínú ọgọ́rùn-ún èyí tó wà lórí ẹ̀rọ, àti 26.5 nínú ọgọ́rùn-ún èyí tó wà nínú yìnyín. Lẹ́yìn ọdún kan, 94 nínú ọgọ́rùn-ún ti ẹ̀rọ ṣì ń ṣiṣẹ́, 90 sì ni ti yìnyín.

Ìyàtọ̀ náà wà, kò sì kéré fún ẹni tó bá bọ́ sí. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ ní àìsàn tirẹ̀: bátìrì tó kú, atẹ́gùn tó wọ ọ̀pá, ìdè tó bọ́ kúrò lẹ́nu òpó ẹ̀jẹ̀. Ìdí nìyẹn tí yìnyín fi gbọ́dọ̀ yí kíndìnrín ká nínú ẹ̀rọ náà pẹ̀lú, kí ó lè jẹ́ pé bí pọ́ǹpù bá dákẹ́, òtútù kò dákẹ́. Níbi tí iná mànàmáná kì í ti í dúró, a kà á sí pé yìnyín tí a dì dáadáa sàn ju ẹ̀rọ tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ ọ́n tọ́jú lọ.

Kí ló máa ń bàjẹ́ jù lọ lójú ọ̀nà?

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé jàǹbá mọ́tò ni. Àṣìṣe kékeré tí ẹnikẹ́ni kò rí ló pọ̀ jù.

Lébẹ̀ẹ̀lì ni àkọ́kọ́. Lára àpótí àti lára ike, ó gbọ́dọ̀ hàn pé kíndìnrín ènìyàn ni, bóyá ọ̀tún tàbí òsì, ìsọ̀rí ẹ̀jẹ̀ olùfúnni, nọ́ńbà ìdánimọ̀ rẹ̀, àti ìṣẹ́jú gan-an tí omi tútù wọ inú rẹ̀. Bí aago ìbẹ̀rẹ̀ yìí kò bá sí, ilé ìwòsàn tó gbà á kò mọ iye wákàtí tó kù. Ọ̀tún àti òsì kì í ṣe ọ̀rọ̀ àsọdùn: òpó tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ jáde lára ti òsì gùn ju ti ọ̀tún lọ, oníṣẹ́ abẹ sì ń múra sílẹ̀ lọ́nà ọ̀tọ̀ fún ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Èkejì ni pé kí kíndìnrín dé kí ẹ̀jẹ̀ olùfúnni má dé. Àpẹẹrẹ ẹ̀jẹ̀, àti bí olùfúnni bá ti kú, ègé ọlọ inú rẹ̀ tàbí kókó omi-ara, gbọ́dọ̀ bá a rìn. Òun ni láàbù máa fi wò ó bóyá ara olùgbà máa kọ̀ ọ́. Kíndìnrín tó dára lè jókòó wákàtí mẹ́rin láìnídìí nítorí ìgò ẹ̀jẹ̀ kan tí a gbàgbé sórí tábìlì.

Ẹ̀kẹta ni ìyípadà ọwọ́. Níbi tí ẹnì kan bá ti gbé àpótí fún ẹlòmíràn ni àkókò máa ń sọnù: ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà tí kò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀, òṣìṣẹ́ ẹrù tó gbé e sórí ẹrù mìíràn, dírẹ́bà tó ń dúró ní ẹnu ọ̀nà kejì. Ẹni kan ṣoṣo ni kí ó máa mójú tó àpótí láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kí nọ́ńbà fóònù rẹ̀ sì wà lára rẹ̀.

Bí ó bá wọ bàálù, ṣé ẹ̀rọ ẹ̀sírè pápákọ̀ lè bà á jẹ́?

Kò lè bà á jẹ́. Ìwọ̀n rẹ̀ kéré jọjọ. Atẹ́gùn ló yẹ kí ẹ bẹ̀rù. Nínú bàálù tó wà lókè, ìtì atẹ́gùn lè wálẹ̀ dé ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ti ilẹ̀, tí atẹ́gùn tó kún ife mẹ́ta á fi fẹ́ di ife mẹ́rin. Bí atẹ́gùn bá ṣẹ́ kù sínú ọ̀rá, ọ̀rá á wú, ìdè rẹ̀ lè tú, omi á jò. Ní Amẹ́ríkà, lẹ́yìn ìkọlù September 11, 2001, àwọn tó ń gbé ẹ̀yà ara kò lè gba ẹnu ọ̀nà èrò kọjá mọ́ bíi ti tẹ́lẹ̀. Ọ̀pọ̀ kíndìnrín wá di ẹrù lásán, tí kò ní alábòójútó, nínú ikùn bàálù.

Ẹ̀gbọ́n mi wà ní Houston, ó fẹ́ fún màmá wa ní Adó ní kíndìnrín kan. Ṣé kí wọ́n yọ ọ́ lọ́hùn-ún kí wọ́n fi ránṣẹ́?

Inú wa dùn pé ẹ ní irú ẹ̀gbọ́n bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n rárá: ẹ̀gbọ́n yín ni kó wọ bàálù, kí kíndìnrín wà lára rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká ka wákàtí náà pọ̀. Yíyọ, fífọ̀ àti dídì, 1. Ilé ìwòsàn sí pápákọ̀ àti dídúró kí bàálù tó gbéra, 4. Bàálù sí Èkó, kódà bí kò bá dúró níbì kankan, 12 tàbí jù bẹ́ẹ̀. Àyẹ̀wò ní Ìkẹjà, 2. Èkó sí Adó lójú títì, 6, bí kò bá sí sún-kẹrẹ fà-kẹrẹ ní Bẹ́gà àti lójú ọ̀nà Ìbàdàn. Mímúra rẹ̀ sílẹ̀ lórí tábìlì kí wọ́n tó gbé e wọ ara màmá, 1. Ó ti di 26 láìsí ìdádúró kan ṣoṣo. Yàtọ̀ sí wákàtí, kò sí ètò tàbí àdéhùn tí ilé ìwòsàn Amẹ́ríkà kan lè gbé e lé láti yọ kíndìnrín alààyè kí ó sì rán an wá síbí. Bí ẹ̀gbọ́n bá fúnra rẹ̀ wá, yàrá iṣẹ́ abẹ méjì máa wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, aago òtútù sì lè má tó wákàtí kan tàbí méjì.

Kí ó wá ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan ṣáájú fún àyẹ̀wò, kí ó má sì ṣètò bàálù ìpadà ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé iṣẹ́ abẹ. Jíjókòó pẹ́ nínú bàálù lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ lè mú kí ẹ̀jẹ̀ dì ní ẹsẹ̀.

Ní Nàìjíríà ńkọ́, ṣé kíndìnrín ń rìn láti ìlú dé ìlú?

Lọ́wọ́lọ́wọ́, olùfúnni ló ń rìn. Ilé ìwòsàn St. Nicholas ní Èkó ló ṣe ìpààrọ̀ kíndìnrín àkọ́kọ́ nílẹ̀ wa ní 2000, ilé ìwòsàn olùkọ́ni ti Ilé-Ifẹ̀ sì tẹ̀ lé e lẹ́yìn náà nínú àwọn ti ìjọba. Ní Adó níbí, ilé ìwòsàn ABUAD (Yunifásítì Afe Babalola) ti ṣe é. Ara alààyè ni ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé gbogbo kíndìnrín wọ̀nyí ti wá, nítorí náà kò sí ìdí láti gbé e jìnnà.

Òfin Ìlera Orílẹ̀-èdè ti 2014 sọ pé olùfúnni gbọ́dọ̀ fọwọ́ síwèé, pé a kò gbọdọ̀ mú irú ẹ̀yà ara bẹ́ẹ̀ lára ẹni tí kò tíì pé ọdún 18, àti pé títà rẹ̀ jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀. Ẹni tó bá sọ pé òun ní kíndìnrín kan nínú kúlà tí òun lè gbé wá bá yín ní Adó, olè ni tàbí ohun tó burú ju olè lọ. Ẹ má dáhùn, ẹ sọ fún ọlọ́pàá. Ní 2023, ilé ẹjọ́ kan ní London rán ènìyàn mẹ́ta lẹ́wọ̀n nítorí ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí wọ́n mú láti Nàìjíríà lọ fún kíndìnrín rẹ̀.

Nígbà tí àpótí bá dé, kí ni wọ́n máa ń ṣe?

Wọ́n á ka lébẹ̀ẹ̀lì sókè, ẹni méjì ló ń kà á. Wọ́n á wo yìnyín tó kù. Wọ́n á gbé kíndìnrín sínú abọ́ yìnyín omi iyọ̀ wẹ́wẹ́, wọ́n á bó ọ̀rá ẹran tó lẹ̀ mọ́ ọn lára kúrò, wọ́n á wá òpó ẹ̀jẹ̀ tó ya tàbí tí wọ́n gé kúrú. Bí wọ́n bá ń rán an mọ́ òpó ẹ̀jẹ̀ olùgbà, nǹkan bí ìṣẹ́jú 30 sí 45, aago ooru tún ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, nítorí náà wọ́n máa ń fi aṣọ tútù wé e. Ìsàlẹ̀ ikùn ni wọ́n ń gbé e sí. Ti àtijọ́ sábà máa ń wà níbi tó wà.

Wọ́n ní kí a gba ẹ̀jẹ̀ ní Adó kí a gbé e lọ sí láàbù ní Èkó fún àyẹ̀wò crossmatch, èyí tó ń wò ó bóyá ara olùgbà máa kọ kíndìnrín olùfúnni. Ṣé inú yìnyín ni kí a gbé e sí bíi ti kíndìnrín?

Ibi tí ọwọ́ yín ti lè ran aláìsàn lọ́wọ́ gan-an nìyí, àṣìṣe ibẹ̀ sì pọ̀. Kíndìnrín ń fẹ́ yìnyín. Ẹ̀jẹ̀ crossmatch kò fẹ́ ẹ. Sẹ́ẹ̀lì funfun tó wà láàyè ni láàbù ń wá nínú ẹ̀jẹ̀ olùfúnni, òtútù líle sì máa ń jẹ́ kí ó ṣòro láti yọ wọ́n jáde. Ìwọ̀n ooru inú yàrá ni kí ẹ gbé e ní, 18 sí 25°C, kí ó sì dé láàárín wákàtí 24.

Ẹ béèrè lọ́wọ́ láàbù irú ìgò tí wọ́n ń fẹ́ àti iye mílílítà, nítorí ti olùfúnni àti ti olùgbà kì í rí bákan náà. Ẹ kọ orúkọ, ọjọ́, aago, àti bóyá olùfúnni ni tàbí olùgbà sára ìgò kọ̀ọ̀kan kí ẹ tó kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ẹ fi òwú wé wọn, kí wọ́n dúró ṣánṣán nínú ike, kí ike wà nínú kúlà tí kò ní yìnyín. Kúlà yẹn wà láti dènà ooru ni. Ẹ má gbé e sí bọ́ọ̀tù, ẹ má gbé e sí iwájú gíláàsì tí oòrùn ń bà. Ẹ gba ẹ̀jẹ̀ ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé sí Ọjọ́rú. Èyí tí a bá gbà ní ọjọ́ Ẹtì sábà máa ń bá ilẹ̀kùn títì pàdé. Bí wọ́n bá ti fa ẹ̀jẹ̀ sára aláìsàn láti ìgbà tí wọ́n ti ṣe àyẹ̀wò kẹ́yìn, ẹ sọ fún láàbù, torí èsì àtijọ́ lè má ṣeé gbára lé mọ́.

Tí ọkọ̀ bá bàjẹ́ lẹ́yìn Arámọkọ́ ńkọ́?

Ẹ gbé kúlà kúrò nínú ọkọ̀ tí oòrùn ń pa, ẹ wá ibòji. Ẹ pe láàbù, ẹ sọ aago tí ẹ gba ẹ̀jẹ̀ náà. Tí wákàtí 24 kò bá ní pé kí ẹ tó débẹ̀, ẹ wọ ọkọ̀ mìíràn. Tó bá máa kọjá, ẹ béèrè lọ́wọ́ wọn bóyá wọ́n ṣì lè gbà á. Àwọn láàbù kan lè lò ó títí dé wákàtí 48. Bí wọ́n bá ní rárá, ẹ padà sí Adó kí ẹ gba òmíràn. Ẹ̀jẹ̀ tuntun kò wọ́n rárá lẹ́gbẹ̀ẹ́ èsì tí kò ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé.